Inú Ẹrẹ̀ Ni Mo Bá Ọmọ Wa Ní Ilé-Ìwé

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara ìyàwó rẹ le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tí ò ń ṣe di wàhálà sí ọ lára. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti ń rọ̀ díẹ̀, àbúrò rẹ tó jẹ́ télọ̀ sì ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ ká gbádùn. Mo délé láyọ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì lè gbé e mì.

Lọ́jọ́ tí o ní kí n lọ mú ọmọ wá ní jẹ́lé-ó-sinmi, àpótí kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ lára ògiri ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ní ta ni. Mo kí i, mo sọ orúkọ mi àti ti bàbá mi, mo bi í pé ilé ńkọ́, kò dáhùn, ó kàn dún bí ẹ̀fọn, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ẹni tí wọ́n fi sínú ibẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́ ilé rárá.

Mo wọlé, mo bá ọmọ ọmọ mi nínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ gidi. Ó ń rò ó nínú ìkòkò, ọ̀dà pupa kún iwájú orí rẹ̀, tíṣà rẹ̀ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń bu iyanrìn jẹ. Mo bi í pé ṣé nítorí èyí lo ṣe ń sanwó ilé-ìwé, nígbà tí ẹrẹ̀ kún ẹ̀yìnkùlé wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n má bínú, pé inú eré ni ọmọ ọdún méjì ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, kí n jókòó kí n máa wò. Àga ọmọdé ló fún mi, nígbà tí mo dìde, àga náà bá mi dìde.

Tíṣà wá ní kí àwọn ọmọ ṣe eré bàbá àti ìyá. Ọmọ rẹ tí gbogbo wa ń dààmú pé kò tíì sọ̀rọ̀, ó mú igi kan, ó fi í sétí, ó ń lọ ó ń bọ̀. Ọmọ mìíràn gbé ẹrẹ̀ inú àwo wá fún un, ọmọ rẹ kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó nawọ́ sí i, ó ní kó dúró ná. Ó mọ́ lẹ́nu rẹ̀ ketekete. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láyé nìyẹn. Tíṣà rọra sọ fún mi pé bó ṣe máa ń ṣe bàbá lójoojúmọ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo mú un dé ilé rẹ, mo fẹ́ ròyìn fún ọ, fóònù wà létí rẹ, o nawọ́ sí mi pé kí n dúró ná. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí, torí ìwé kò ṣeé nawọ́ sí.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n lè padà wá, má sì fi í sínú fóònù mọ́. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, fóònù àbúrò rẹ bọ́ sómi, a sá a sóòrùn, a ò rí owó kankan níbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ aṣọ tó ti gbó, kí o bá ọmọ rẹ jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ọmọ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ