Ìbéèrè Tí Rúùtù Bi Mí Nínú Ìjọ

Bàbá mi tí mo ń ṣàárò,

Ó di ọdún márùn-ún tí a ti sin yín, ọdún kẹta òmìnira sì rèé. Òjò Minna lọ́dún yìí le ju ti ayé yín lọ. Ilé wa ní Soje ṣì dúró, àyàfi ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ ó rántí pé ẹ fi kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà lé mi lọ́wọ́. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, a dé orí ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan. Arákùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀yọ́ béèrè bóyá Ọmọ bá Baba dọ́gba tàbí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fún un ní èsì tí ẹ máa ń fún wa: Ọlọ́run kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n Baba ló ń pàṣẹ, Ọmọ ló ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ àti aya. Inú àwọn ọkùnrin dùn. Ìgbà náà ni Rúùtù ìyàwó mi dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Bàbá Dèbórà, Ọmọ fúnra rẹ̀ ló rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ńkọ́, ta ló rẹ̀ mí sílẹ̀?"

Àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní, "Haba!" ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí. Mo ní kí Rúùtù jókòó, pé obìnrin kì í sọ̀rọ̀ nínú ìjọ, pé láti ọjọ́ náà lọ, kó má ṣe dá sí ohunkóhun tí n kò bá bi í. Ó jókòó.

Ó sì gbọ́ràn, Bàbá. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Rúùtù tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí mo bá ń wá pẹ́ńsù tó wà létí mi! "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" nìkan ló kù. Bí mo bá wọlé, orin tó ń kọ yóò dá. Dèbórà ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ń ṣe bíi tirẹ̀: ó ń sọ Hausa níta bí ẹyẹ, àmọ́ tó bá wọlé, kò ní èdè kankan lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé ilẹ̀kùn lọ sí Maikunkele. Kí n tó padà dé, ògiri ṣọ́ọ̀bù ti wó lu àwọn àga tí mo kàn fún ilé ìwé kan. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀, a dúpẹ́. Mo rí i lára ohun tó kù pé ògiri náà ti là tipẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí Rúùtù ń sá aṣọ sí. Mo bi í bóyá ó rí i. Ó ní òun ti ń rí i láti bí oṣù kan.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí, sà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ojú rẹ̀. Kí ló tún mọ̀ tí n kò béèrè?

Mo gbìyànjú láti rántí ohùn Ìyá. Mo rántí ọwọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń fi etí ìró nu gíláàsì ojú yín kí ẹ tó ka Bíbélì. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu wọn, n kò rí i rántí. Ṣé wọ́n máa ń bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí a kò sí nílé? Àbí ẹ̀yin náà ti sọ fún wọn nígbà kan pé kí wọ́n jókòó?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dìde ní kíláàsì. Mo sọ fún gbogbo wọn pé mo ṣì í sọ, pé ìbéèrè Rúùtù ju ìdáhùn mi lọ. Mo tọrọ àforíjì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó ní, "Mo dúpẹ́, sà," ó sì padà jókòó.

Láàárọ̀ yìí, mo rí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Aṣọ Dèbórà wà nínú rẹ̀. Ọ̀la ni ọkọ̀ ojú irin ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọ̀fà, ibẹ̀ la sì máa ń gbà lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń dáná lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Kí n ṣáà béèrè ni, yóò dá mi lóhùn. Ìdáhùn yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.