"Ma" Inú Ìwé Oúnjẹ Ìyá

                                                  Ojúlé Kejìdínlógún,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
                                                  Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi àtọkànwá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ ẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín tó ń hù lọ́jọ́sí ti yọ tán, àbí ó ṣì ń gé ìka gbogbo ẹni tó bá gbé e jẹ? Ẹsẹ̀ màmá ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bá mi kí wọn báyìí kí o tó kà á síwájú, torí tí o bá kà á tán, o lè gbàgbé. Èmi náà wà, ara mi le, ọkọ mi sì ń tọ́jú mi. Ọkàn mi ni kò fara balẹ̀.

O ó ti rí i pé mo ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí ọ̀sẹ̀ tí tíṣà ń kọ́ wa ní dò-re-mí, tí èmi àti ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tí à ń dirun fún ọmọláńgidi lábẹ́ tábìlì? Ọdún tó tẹ̀lé e la kúrò nílé ìwé. Mo rò pé a ò pàdánù nǹkan kan. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo pàdánù fún ọ.

Ìyá ọkọ mi ti kú. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí.

O mọ bí mo ṣe jẹ́. Nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé yìí, ilé ìdáná ni mo máa ń sá sí tí àlejò bá ti dé. Ìyá ló ń wá mi débẹ̀. Wọn kì í bi mí ní ìbéèrè kankan, wọ́n á kàn gbé àlùbọ́sà fún mi pé kí n bó o. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Ìkòkò tí wọ́n ń lò níbẹ̀, wọ́n ní èèyàn lè wẹ̀ nínú ẹ̀. Wọn ò mọ̀wé rárá, orí wọn ni gbogbo oúnjẹ wà.

Nígbà tó yá, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í há. Dókítà ní nǹkan kan ń hù ní ọ̀nà ọ̀fun wọn, pé ohùn ló máa kọ́kọ́ lọ. Ọkọ mi ló mú àbá wá pé kí á kọ àwọn oúnjẹ náà sílẹ̀ kí ohùn tó lọ tán. Òun ló ń gé bébà nílé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́, ó bá kó àwọn etí bébà tí wọ́n gé sọnù wálé. Mo tò wọ́n, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú rán wọn ní àárín, mo po ìyẹ̀fun mọ́ omi gbígbóná fi ṣe gọ́ọ̀mù. Aṣọ ìdáná Ìyá, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́yà níbi iṣẹ́, ni mo fi bo ẹ̀yìn ìwé. Ẹlẹ́rìn-ín, ó rẹwà. Èmi tí mi ò kàwé ni mo wá ṣe ìwé.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la máa ń kọ ọ́. Mo ní, "Ìyá, iyọ̀ ṣíbí mélòó?" Wọ́n ní, "Èyí tó tó." Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí iyọ̀ ò bá tó lẹ́nu ẹ̀ kó fi kún un, ẹni tó bá pọ̀ jù fún kó mumi. Tí wọ́n bá sì mọ ìwọ̀n nǹkan, ìwọ̀n ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ni. "Ẹ̀wà, àpò kan ààbọ̀." Mo ní, "Ìyá, àwa méjì péré kọ́ nìyí?" Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹ óò bímọ."

Ní ìparí, èémí ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn mọ́. Mo máa ń gbé etí sí ẹnu wọn, màá sì kọ ọ́ kíákíá bó ṣe ń jáde, láìsí àmì, láìsí nǹkan kan.

Wọ́n bí ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé ọkọ mi. Èmi ló sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Lójúkojú, "ẹ" ni mo ń bá a sọ, torí ìyàwó ilé ni mí, ó sì jù mí lọ. Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù ló ti ń se oúnjẹ fún àwọn atukọ̀, ìgbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀ nìkan ni fóònù rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́. Ìyá ò fẹ́ iṣẹ́ náà. Òun pẹ̀lú Ìyá fi ìbínú pínyà, ó sì di ọdún méjì tí wọn ò fojú kan ara wọn.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá fà mí lápá. Wọ́n ní, "Sọ fún un kó máa wá." Inú mi dùn. Mo gbé fóònù ọkọ mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́fà: Iya ni ki e ma wa. Ní ọjọ́ kẹta ni èsì dé: "Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun." Mo sáré lọ bá Ìyá, mo ní ó ti gbọ́, ó ń bọ̀. A tẹ́ ibùsùn rẹ̀. Tí ìlẹ̀kùn bá ti dún, Ìyá á gbójú sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kẹrìnlá, ìlẹ̀kùn dún, wọn ò gbójú sókè. Ọkọ mi ló wọlé.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó dé. Kò sunkún lójú wa. Mo gbé ìwé fún un kí ara lè tù ú, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá dé ojú ìwé ẹ̀wà, ó kà á sókè: "Má da omi tútù sí i." Mo ní, bóyá "máa da" ni o. Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dénú. Ó ní, "Má ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá, má ni. Má ṣe tibí, má ṣe tọ̀hún. Èmi gan-an, kí n má wá ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi."

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí mo tẹ̀ yẹn ni. Mo dìde bíi pé mo fẹ́ lọ bu omi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi sọ̀rọ̀. Mo ń gbálẹ̀, mo ń fọ abọ́, mo ń kí i káàárọ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Mo ń rò ó pé ta ló máa mọ̀, àti pé ilé tí mi ò tíì lo ọdún kan nínú ẹ̀, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n dúró? Ṣùgbọ́n mo ń wò ó bó ṣe ń rìn nínú ilé bí ẹni tí wọn ò pè. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ìwọ lo máa sọ fún un. Mi ò lè bá ẹ sọ ọ́."

Ó ń di ẹrù rẹ̀ ni mo lọ kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, dìde, kí ló dé?" Mo ní, "Máa ni." Kò yé e. Mo ní, "Máa wá ni Ìyá sọ. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ." Ó jókòó sórí àpò ẹrù. Ó ní kí n sọ ọ́ bí Ìyá ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo sọ ọ́. Ó ní, "Tún sọ ọ́." Mo tún un sọ, títí ọ̀fun tèmi náà fi há. Ó wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n retí mi?" Mi ò bá ti purọ́, Ẹlẹ́rìn-ín. Irọ́ náà ti wà létè mi. Mo ní, "Wọ́n retí yín."

Ó dìde lórí àpò ẹrù. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá lè wojú ẹ mọ́." Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ó fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì.

Bàbá kan wà níbi iṣẹ́ ọkọ mi tó máa ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Òun ló ń kọ́ mi ní àmì báyìí, tí wọ́n bá jókòó jẹun ọ̀sán. Ó ka "ma" inú ìwé náà, ó jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Ọ̀pọ̀ ló dá ara rẹ̀ sọ, torí kò sẹ́ni tó máa ní kí èèyàn máa jẹ́ kí oúnjẹ jóná. Mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù tí mi ò mọ̀. Mo ń sè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì méjì, ìkòkò kan fún má, ìkòkò kan fún máa. Ọkọ mi ní méjèèjì dùn. Irọ́ ni, ọ̀kan le bí òkúta.

Ní ìjẹta, fóònù dún. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Kò kí mi. Ohun tó kọ ò ju èyí lọ: "Ẹ̀wà yẹn, ṣé má ni àbí máa?" Mo sunkún sí ara fóònù tó fi tutù. Mi ò mọ ibi tí àmì wà lórí ẹ̀, ọkọ mi ló wá a fún mi. Mo kọ ọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: "Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ sè é." Kò tíì fèsì. Bóyá ọkọ̀ wọn ti kúrò ní èbúté. Mo ti bu ẹ̀wà sọ́tọ̀, èyí tó tó.

Bá mi kí ọkọ ẹ, kí o sì gbá ọmọ mọ́ra fún mi. Tí o bá ń fèsì, jọ̀ọ́, fi àmì sí i. Tí o kò bá mọ̀ ọ́n fi, dúró kí màmá bá ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo lè dúró.

Èmi ni, ẹni tó fẹ́ràn rẹ láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn,

Rọra-sọ̀rọ̀.