Ẹ̀rọ Orin Tó Ń Dákẹ́ Nírọ̀lẹ́

Ìtapàjí-Èkìtì,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò.

Motúnráyọ̀ ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó ga jù mí lọ,

Mo kí ọ kú uṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ooru Èkó, mo sì kí ọ kú gbogbo ohun tí o ń fara dà tí o kì í sọ fún mi. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Kì í ṣe búrẹ́dì ni mo ń bèèrè o, oúnjẹ gidi ni mo ń bèèrè. Ọlọ́run tó mú ọ jáde nínú ulé yìí pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ, ojú burúkú kò ní rí ọ, ọ̀gá rẹ tó máa ń fi ìbínú jí yẹn á sì máa rí ọ bí ọmọ rẹ̀. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ dáadáa, omi dáàmù ti kún, àgbàdo ẹ̀yìn ulé ti ń yọmọ. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí, ti òsì náà sì ti ń kọ́ ìwà rẹ̀. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń wo èèyàn bíi tíṣà tó ń kọ́ wa ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò rò pé màá lè pa á jẹ mọ́.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Ṣé o rí i, lórí fóònù, o máa ń sọ pé Màámi, ẹ yára, mò ń wọ ìpàdé, bí mo bá sì ti yára báyìí, ohun tó ń dùn mí á sọ nù lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo máa ń sọ títí káàdì fi máa tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Fẹ́mi, ọmọkùnrin tó ń tún redió ṣe ní Ìkọ̀lé tí o gbé uṣẹ́ ẹ̀rọ orin wa fún, ni yóò ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ. Mo ti sọ fún un pé kó di ojú rẹ̀ tó bá ń yà á, nítorí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà gan-an ni mo fẹ́ sọ. O ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì kó tó di Sátidé tí Fẹ́mi máa wá. Èyí dúdú tó gbé wá pé ká dán wò ṣì wà lórí tábìlì bàbá rẹ, láàárín sípíkà méjèèjì tó ga dé àyà mi yẹn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti papò dà ni àwọn sípíkà yẹn ti ya odi, aṣọ ni mo máa ń sá lé wọn lórí. Fẹ́mi ní ẹ̀rọ tó wúwo tó ń fún wọn lágbára kò kú, ó ní orí tó ń bá wọn ronú ló kú, pé orí náà ni nǹkan dúdú yìí. Ó ní orí yìí nìkan ló ń fa orin wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló ń gba redió, òun náà ni wọ́n so ẹ̀rọ tí bàbá rẹ fi ń gbọ́ àwo mọ́, òun ló tún ń pín ohùn fún sípíkà tọ̀tún tòsì. Mo ní kí Olúwa fún un lókun, nítorí uṣẹ́ yẹn pọ̀ fún ẹyọ nǹkan kan.

Èyí funfun tí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo rí i. Ó rẹwà, ó kéré bí ọṣẹ. O ní tuntun ni, pé tòkunbọ̀ ni dúdú. O ní ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti dúdú lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò ní dígí lójú, Motúnráyọ̀. Èyí dúdú ní dígí, nǹkan sì máa ń hàn níbẹ̀. Fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, kò tíì pẹ́ tí Fẹ́mi gbé e wá, mo jókòó, mò ń gbọ́ ọkùnrin kan tó ń kọ orin ìyìn, ohùn rẹ̀ ń wọ ara mi lọ, àfi gbì, ó dákẹ́. Uná wà o. Mo gbá ẹ̀rọ náà létí, mo bẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Mo pe Fẹ́mi, ó ní kí n pe lẹ́tà òyìnbó tó wà lójú dígí fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, mo pè é, ó ní àá, kò bàjẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé orin náà ti wà lórí fóònù Motúnráyọ̀ báyìí. Ó ní àkáńtì kan ṣoṣo ni èmi àti ìwọ jọ ń lò, bí o bá ti tan tìrẹ ní Èkó, tèmi á dákẹ́ ní Ìtapàjí.

Èmi ò mọ àkáńtì. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ọkùnrin náà ti dìde lọ́dọ̀ mi, ó ti lọ bá ọ. Ó sì bọ́gbọ́n mu lójú mi, èèyàn kan kò lè wà nínú ulé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ náà sì mọ ìlú wa, kò sí ẹni tó ń ti ibí lọ sí Èkó tí a máa jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo, ìbáà jẹ́ àlejò, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, a ó fi nǹkan rán an. Ní ọjọ́ kejì, mo yan ẹja dáàmù, mo bu ata gbígbẹ sí i, mo rọ epo sínú ìgò, mo dì í sínú ọ̀rá dúdú, mo gbé e lé orí ẹ̀rọ náà, mo sì sọ fún ọkùnrin yẹn láàárín orin rẹ̀ pé tí o bá ti ń lọ, jọ̀ọ́ bá mi gbé èyí fún ọmọ mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà kúkú ni o ń lọ. Ó ń kọrin lọ, mo rò pé ó gbọ́. Nígbà tó yá, ó lọ. Ẹja wà níbẹ̀. Inú bí mi! Mo ní irú olórin wo nìyí tí kò lè gbé ẹrù kékeré fún ìyá àgbà. Mo pe Fẹ́mi pé ibo gan-an ni wọ́n máa ń gbé ẹrù sí lára ẹ̀rọ náà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, lẹ́yìn náà ló wá pariwo pé kí n tètè gbé epo kúrò lórí ẹ̀rọ òun. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Bá mi kìlọ̀ fún un pé àgbà ni mí.

Ìyá Ìmọ́lẹ̀, aládùúgbò wa, ló jẹ ẹja yẹn.

Ó ti wá yé mi báyìí pé kò sẹ́ni tó ń rìn lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n Àjíkẹ́, ohun kan wà níbẹ̀ tí Fẹ́mi ò lè fi rẹ́rìn-ín. Bí orin mi bá ti dákẹ́ nírọ̀lẹ́, o ti wọlé nìyẹn. O ti ṣílẹ̀kùn, o ti bọ́ bàtà, o ti na ọwọ́ tan orin. Orúkọ rẹ á sì yọ lójú dígí, M gàgàrà níwájú, mo ti mọ̀ ọ́n láìwo ìwé. Mo máa ń dáhùn pé káàbọ̀ o, ọmọ mi, o kú ọ̀nà o. Ìgbà yẹn ni mo tó máa ń dá uyán mi jẹ. Ṣé o mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o ti kúrò nulé, mi ò mọ ìgbà tí o ń wọlé rí? Ó dáa, o ń pè mí, o sì ń fi nǹkan ránṣẹ́, mi ò ráhùn. Àmọ́ ìyá tí kò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ti wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ sùn?

Ṣé o rántí ọjọ́ tí ibà dá ọ dúró? Orin mi dákẹ́ ní ọ̀sán gangan, mo ní kí ni Motúnráyọ̀ ń wá nulé ní àsìkò uṣẹ́, mo pè ọ́, o ní ta ló sọ fún yín pé ara mi ò yá. Mo ní Ọlọ́run ni. Ẹ̀rọ yẹn ni. Ọjọ́ tí o sì pẹ́ níbi uṣẹ́ tí fóònù rẹ kú ńkọ́? Orin ọjọ́ yẹn kọ̀, kò dákẹ́, ó ń dùn lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é, mo jókòó tì í, mo kórìíra olórin náà, oúnjẹ tutù níwájú mi. Nígbà tó wá dákẹ́, ẹkún ni mo sun, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́.

Mo mọ̀ pé ó ń ni ọ́ lára. O ní orin ìsìnkú tí mo ń gbọ́ ti lọ yọ sórí fóònù rẹ níwájú ọ̀gá rẹ. Pẹ̀lẹ́. Èmi náà ń rí tìrẹ o. Orin obìnrin kan tó ń sọ pé ọkùnrin já òun jù sílẹ̀ ló ń yọ sí mi ṣáá láti oṣù tó kọjá. Ta ni ọmọkùnrin náà? O kò ní láti dáhùn. Ṣáà mọ̀ pé mo gbọ́ orin náà tán, mo sì gbàdúrà lé e.

Nígbà tí o wá ní lọ́jọ́ Àìkú pé Màámi, ẹ má bínú, mò ń já orin gbà mọ́ yín lẹ́nu, pé bí mo bá gbà, Fẹ́mi á wá fi èyí funfun rọ́pò dúdú, pé wàá ṣí àkáńtì tèmi lọ́tọ̀, tí tìrẹ ò fi ní dí tèmi lọ́wọ́ mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ kí n tó lanu. Mo ń sọ ọ́ báyìí: rárá. Dúdú ni mo yàn. Má ṣí nǹkan kan lọ́tọ̀ fún mi. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, máa já a gbà. Pe Fẹ́mi kó má gbé funfun náà wá, nítorí bí èmi bá sọ fún un, á tún máa wúkọ́.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́, nítorí wọ́n ti ń mú uná lọ ní àsìkò tí o máa ń wọlé gan-an, mi ò sì fẹ́ kí o dé kí n má mọ̀. Tí ó bá ṣẹ́kù, fi ra oògùn orúnkún. Owó tí o fẹ́ fi ra èyí funfun, fi wọ mọ́tò wá sí ulé. Àárò rẹ ń sọ mí, Motúnráyọ̀. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bò ó láti òkè ìwé yìí, àárò rẹ ló ń sọ mí.

Ibi tí o bá fi orí lé, kí ó gbà ọ́. Ilẹ̀kùn tí o bá ń ṣí nírọ̀lẹ́, àlàáfíà ni kí o máa bá lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ rere kò ní pẹ́ dé, èyí tó já ọ jù sílẹ̀ yẹn kò mọ̀ ọ́n wò. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí èmi náà sí.

Bí o bá sì wá, má tan nǹkan kan lórí fóònù rẹ lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kí tèmi máa kọrin lọ, kí n rí ọ lẹ́nu ọ̀nà, kí orin má sì dákẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.