Màmá Adébímpé Akíndèjì (1957–2025): Obìnrin Tó Gbé Ẹ̀rọ Ìṣọnà Kalẹ̀ Sórí Ojú Oórì

Ìyá Soliat, tí í ṣe àbúrò bàbá Màmá wa, ni ó kọ́kọ́ sọ fún Màmá pé ọjọ́ Ẹtì ni a bí wọn, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1957, ní agboolé Adémúyìwá ní Àpòmù. Ó ní bí ọmọ náà ṣe délẹ̀ ni ó di etí ìró òun mú, ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣí kí ó tó fi í sílẹ̀. Ìyá Soliat ní, “Ẹ wò ó, ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ yìí yóò làágùn.”

Olóògbé Boaz Adémúyìwá, àgbẹ̀ kòkó àti akọrin nínú ìjọ Áńgílíkà, ni bàbá wọn. Olóògbé Títí Adémúyìwá, ọmọ bíbí ìlú Ìkòyí, ni ìyá wọn. Mùsùlùmí ni Ìyá Soliat, Kristẹni ni Bàbá, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń bù nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1963, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àpòmù. Wọ́n kà á dé ìwé karùn-ún kí àìsàn ìyá wọn tó dá wọn padà sílé ní ọdún 1968. Wọn kò fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá ń fi ìwé yangàn nínú ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá, wọn a ní, “Ìwé márùn-ún péré ni èmi kà, ṣùgbọ́n mo kà wọ́n tán.”

Ní ọdún 1978, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Titus Akíndèjì ti ìlú Ìkirè, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn. Inú ilé tí bàbá ọkọ wọn kọ́ ni wọ́n ń gbé. Télọ̀ ni Bàbá Akíndèjì, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń rán. Nígbà tí Bàbá kú ní ọdún 1983, inú pálọ̀ ni a sin wọ́n sí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, lábẹ́ fèrèsé méjì tó kọjú sí títì. A fi kọnkéré tó nípọn bo ojú oórì náà. Láti ìgbà náà ni ó ti di èèwọ̀ nínú ẹbí: a kì í gún nǹkan níbẹ̀, a kì í sì í gbé ẹrù wúwo lé e.

Láti ọdún 1985 ni Màmá ti ń dín dòdò létí títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ awakọ̀ ni wọ́n mọ̀ wọ́n, tí wọn kò sì ní í ra dòdò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Owó dòdò náà wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà. Ṣùgbọ́n èéfín ti ń ba àyà Màmá jẹ́, nígbà tí ọkọ wọn, Bàbá Yínká, sì fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2009, dókítà ní kí wọ́n kúrò nídìí epo gbígbóná pátápátá. Àwọn ènìyàn ní kí wọ́n jókòó, kí àwọn ọmọ máa bọ́ wọn. Màmá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní ọdún 2011, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni Gàrúbà lọ, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣọnà sí agbádá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkirè. Ọkùnrin nìkan ló ń jókòó sídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Gàrúbà wò wọ́n látòkè délẹ̀.

“Màmá, ojú yín ńkọ́? Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ojú o.”

“Ojú tó wo dòdò nínú epo gbígbóná fún ọdún mẹ́rìnlélógún, kí ni òwú fẹ́ ṣe fún un?”

Gàrúbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fa àga fún wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Màmá. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fa aṣọ le nínú férémù, bí a ṣe ń tẹ́ bébà sábẹ́ aṣọ kí ó má baà hunjọ, àti bí orúnkún tó ń ti irin abẹ́ tábìlì ṣe ń sọ fún abẹ́rẹ́ ìgbà tí yóò fẹ̀ àti ìgbà tí yóò tín-ín-rín.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2012, Màmá ra ẹ̀rọ tiwọn, àlòkù láti Ìbàdàn. Níbo ni a ó gbé e sí? Iyàrá ṣókùnkùn, òjò sì ń rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Pálọ̀ nìkan ló ní ìmọ́lẹ̀, abẹ́ fèrèsé tí ojú oórì Bàbá wà sì ni ìmọ́lẹ̀ náà pọ̀ sí jù. Ojú ti Màmá díẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní gba gbogbo orí Bàbá. Wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ méjì tábìlì ẹ̀rọ lé etí ojú oórì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjì yòókù sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Agbádá ọkọ ìyàwó kan láti Ìkòyí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ náà mì gìrìgìrì, abẹ́rẹ́ mẹ́ta kán, òbìrìkìtì tí ó yẹ kó wà ní àyà agbádá wá rí bí ẹyin tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé Bàbá kọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ìmọ́lẹ̀ Akíndèjì, tí a mọ̀ sí Bàbá Fúnmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ Màmá, pe ìpàdé ẹbí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Ìyá Yínká, Bàbá ti sọ̀rọ̀. Gbé ẹ̀rọ yẹn jáde kó tó di Sátidé. Bí o kò bá gbé e, àwa yóò wá gbé e, a ó sì ti ilẹ̀kùn pálọ̀ pa.”

“Bàbá Fúnmi, ẹ̀rọ ni Bàbá fi tọ́ yín. Ariwo rẹ̀ ni ẹ fi ń sùn ní kékeré. Láti ìgbà wo ló wá di àjèjì sí wọn?”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ di ikọ́.

Bàbá Fúnmi ní, “Wọ́n ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà láyé. Wọ́n ń sinmi báyìí. Dòdò lo mọ̀, padà sídìí dòdò rẹ.”

Gbogbo ẹbí tí ń ka ìwé yìí mọ̀ pé bí a bá ti ti ilẹ̀kùn yẹn, iṣẹ́ Màmá parí nìyẹn. Kò sí ibòmíràn tí wọn ìbá gbé e lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá ní kí Fọláṣẹwà ọmọ wọn máa tẹ ẹ̀rọ náà. Àwọn fúnra wọn dojú bolẹ̀, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹsẹ̀ méjì tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ń fò bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí yanrìn gbígbóná, nítorí sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ti wú. Ẹsẹ̀ méjì tó wà lórí ojú oórì kò mira. Màmá dìde, wọ́n gbọn eruku aṣọ wọn. Ibi tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ó dúró. Ibi tí wọ́n sá sí ni ó ń mì.

Wọ́n fọ ojú oórì náà, wọ́n kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Iṣẹ́ yín ni mo gbé dé.” Lẹ́yìn náà ni àwọn àti Fọláṣẹwà gbé ẹ̀rọ náà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sórí Bàbá.

Ní ọjọ́ Sátidé, Bàbá Fúnmi dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti okùn. Màmá wà nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n bu omi kún ife, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

“Bí omi yìí bá dà, ẹ gbé ẹ̀rọ lọ. N kò ní í sọ̀rọ̀.”

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣe òbìrìkìtì àyà agbádá tuntun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́ yípo, wọn kò dúró mí. Ojú omi ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan kò dà. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá gbé ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo iṣẹ́ náà. “Màmá, ẹ lè ṣe irú èyí sí bùbá mi?”

Bàbá Fúnmi ní, “Orí Bàbá lo gbé e lé?”

“Orí Bàbá ni. Nínú gbogbo ilé yìí, Bàbá nìkan ló gbà á dúró.”

Wọ́n ká okùn wọn, wọ́n lọ. Bàbá Fúnmi kò tíì wọ pálọ̀ náà láti ọjọ́ yẹn. A kò bínú sí wọn; a sọ ọ́ nítorí Màmá kì í fẹ́ kí a dín òótọ́ kù.

Obìnrin mọ́kànlá ni ó kọ́ṣẹ́ nínú pálọ̀ yẹn. Raheemat láti Ararọ̀mí-Òwu ni àkọ́kọ́. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Opó márùn-ún wà nínú wọn, Màmá kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ opó. Màmá ni wọ́n ṣọnà sí aṣọ pẹpẹ ìjọ wa àti sí aṣọ gbogbo akọrin ní ọdún 2018. Wọ́n jẹ́ akápò Ẹgbẹ́ Ìyá fún ọdún mẹ́fà. Wọn kì í pẹ́ dé ìsìn, wọn kì í sì í gbójú fo ẹni tó bá pẹ́.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé ni Olúyínká, Fọláṣẹwà àti Fẹ́rànmí, àwọn ìyàwó ilé àti ọkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ méje, àti àwọn ọmọṣẹ́ tí wọ́n ń pè wọ́n ní ìyá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àìsàn àyà dá Màmá dùbúlẹ̀. Ẹbí tún péjọ, wọ́n ní inú pálọ̀ ni a ó sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ẹ̀rọ yóò kúrò níbẹ̀ kí àyè lè wà. Màmá gbọ́ láti orí ibùsùn wọn. Wọ́n ní kí a gbé àwọn dìde jókòó.

“Ẹ má sin mí sínú ilé o. Itẹ́ ìsìnkú ìjọ ní Àpòmù ni kí ẹ gbé mi lọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú oórì mi lé òṣìṣẹ́ jáde.”

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin. A ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ẹ̀rọ wà níbi tó wà, Fọláṣẹwà sì jókòó sídìí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run, ẹni tó fún Màmá ní ọwọ́ iṣẹ́, fún wọn ní ìsinmi tó tọ́ sí wọn. Ẹ sùn ire, Adébímpé ọmọ Adémúyìwá. Lónìí, a gbé wọn gba iwájú pálọ̀ kọjá, a gba títì Àpòmù. Ẹsẹ̀ wọn ni a kọ́kọ́ gbé jáde nílé Akíndèjì, ojú wọn sí iwájú. Wọn kò wẹ̀yìn.