Irin Inú Omi Ẹ̀rọ

Ìkòròdú, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 1957

Rálíà ọmọ mi,

Omi ẹ̀rọ ba aṣọ funfun ìyá bàbá rẹ jẹ́ lónìí. Wọ́n fọ̀ ọ́ tán, ó pọ́n bí ẹni rẹ ẹ́ sínú osùn.

Wọ́n ní, “Omi tó ṣe aṣọ báyìí, kí ni yóò ṣe ìfun wa? Odò la ó padà sí lọ́la.”

Odò kẹ̀! Mo lọ pe wolé-wolé. Ó ní irin inú ilẹ̀ ló wà nínú omi náà, pé bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, á dógùn-ún. Kò ní pa wá lára. Ká bù ú kalẹ̀ kó tòrò, ká fi aṣọ sẹ́ ẹ.

Mo sọ fún wọn pé, “Ìyá, ìfun yín kúkú ti pọ́n tẹ́lẹ̀.”

Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Omi odò tó kó ìgbẹ́ gbuuru bá ọ, tó pa ọ́, mọ́ gaara, Rálíà. Mo rí ìsàlẹ̀ ife nínú rẹ̀.

Nígbà tí omi ẹ̀rọ tòrò, mo mu ife kan tán níwájú wọn.

Wọ́n ní, “Ó dáa. Màá máa wo ojú ẹ títí dọ̀la.”

Kí wọ́n máa wò ó. Àbúrò rẹ kò ní mu omi odò níṣojú mi.