Ẹ Má Fi Họ́lidé Mi Dá Ọjọ́ Yìgì Sìdí Mọ́

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ilé lẹ́yìn Bàbá, Ọlọ́run yóò máa fọ̀run kẹ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti Ṣikágò níbí. Bàbá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ oko. Sìdí àbúrò mi, mo kí ọ. Ẹ̀yin àna wa tí ẹ ti ń dúró láti ọdún kẹta, ẹ kú sùúrù, ojú yín ń tì mí.

Ìyá, ẹ ó máa ronú pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ sínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin lẹ fà á. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìgì Sìdí yìí. Tíṣà Ládèjọ tó máa ń ka lẹ́tà fún yín ló kọ̀wé sí mi pé bí òun ṣe ka èkínní tán lẹ gbà á lọ́wọ́ òun, ẹ ká a sí mẹ́rin, ẹ fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Èkejì, ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kó kà á parí. Ẹ ní kó má sọ fún Sìdí, kó má sì sọ fún Bàbá Kékeré. Èyí kò ní wọ àpótí. Akọ̀wé mọ́ṣáláṣí máa ń ka ìwé ìròyìn yìí fún àwọn èèyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo wọn ni yóò sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ mọ ibi tí mo ti rí orí kunkun.

Ohun tí ẹ ń sọ yé mi. Bàbá ti kú, èmi ni àkọ́bí ọkùnrin, èmi ló yẹ kí n fa Sìdí lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ ní a kò ní so yìgì rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ tún ní kò sí wàhálà níbẹ̀: ìgbà tí àwọn àna wa bá ká kòkó tán, tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, tí ọkọ̀ lè dé abà wọn, ìgbà náà gan-an ni ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ máa ń tilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ní tí ilé ìwé bá ti tilẹ̀kùn, kí ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ tún ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Ní ilé ìwé abúlé tí ẹ fi mí sí, tí wọ́n bá ti lu agogo ìparí sáà, hẹdimásítà á ju kọ́kọ́rọ́ sápò, àwọn ewúrẹ́ á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbí, bọ́ílà wà lábẹ́ ilé ìwé, irin ńlá kan tó ń se omi, tó ń rán ooru gba inú páìpù lọ sí gbogbo kíláàsì. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Tí iná rẹ̀ bá kú nínú òtútù Dìsẹ́ńbà, omi inú páìpù á di yìnyín, páìpù á bẹ́, omi á gba ilé ìwé. Nítorí náà, ọjọ́ tí gbogbo èèyàn bá gba họ́lidé, ọjọ́ náà ni wọ́n ń so èmi mọ́lẹ̀. Àwọn tíṣà á lọ, àwọn ọmọ á lọ, ọ̀gá mi pàápàá á lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbi tí oòrùn wà. Èmi àti iná la máa ń kù.

Ìyá àwọn ọmọ kò sàn jù mí lọ. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́ ọn. Tí Kérésìmesì bá ti ń bọ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á wá bá a tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ṣebí Mùsùlùmí ni, kó bá àwọn ṣe ṣíìfù, ìyẹn iṣẹ́ tó kan àwọn lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ní ọmọ méjì nílé. Wọ́n ní kó kú iṣẹ́. Ó ní tó bá di ọjọ́ Iléyá ńkọ́. Wọ́n ní kò sí nínú kàlẹ́ńdà.

Inú yàrá bọ́ílà ni àwọn ọmọ wa, Kúdí àti Múrí, ti ń lo họ́lidé wọn. Mo tẹ́ páálí fún wọn, wọ́n ń yàwòrán. Ìwé tí ilé ìwé kọ ọjọ́ ìsinmi sí wà lára fíríìjì ilé wa ní àdúgbò Uptown, Kúdí sì ti fi bírò pupa yí ọ̀sẹ̀ méjì náà ká. Abẹ́ àṣẹ ìwé yẹn là ń gbé. Òun ló ń sọ ìgbà tí a lè lọ tọ́jú eyín, ìgbà tí ìyá wọn lè ṣe ìdánwò, àfi bíi pé òun náà ló ń sọ ìgbà tí a lè ṣàìsàn. Kúdí bi mí bóyá ẹ̀yin náà ní bọ́ílà. Mo ní oòrùn lẹ ń lò. Ó ní kí ẹ wá bá wa ṣọ́ tiwa, kí àwa lọ bá yín ṣọ́ oòrùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń gún mi lọ́kàn. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ̀wé sí yín pé yìnyín ló dá bàálù dúró. Irọ́ ni. Bàálù gbéra. Èmi ni n kò wọ̀ ọ́. Mo ti bẹ Gàníyù, ọ̀rẹ́ mi tó ń wa takisí, pé kó bá mi wo bọ́ílà. Mo kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì ká gbéra, ọ̀gá gbọ́. Kò pariwo. Ó ní òun kò dí mi lọ́wọ́ láti lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kan bọ́ílà náà lẹ́yìn mi ni yóò máa wò ó lọ, kí n má wulẹ̀ padà. Mo bá a jiyàn títí ó fi wọ mọ́tò rẹ̀. Mo délé, mo tú ẹrù, mo kó aṣọ àwọn ọmọ padà sí àyè wọn. Sìdí ti dirun sílẹ̀ ní tiyín lọ́hùn-ún.

Ẹ má sọ pé kí n wá nígbà họ́lidé gígùn wọn. Òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín nígbà náà, àwọn àna wa wà lóko, ìyá àwọn ọmọ sì wà ní kíláàsì tirẹ̀. Mo ti wo kàlẹ́ńdà náà síwá sẹ́yìn. N kò rí ibi tí mo lè gbà jáde.

Lóṣù tó kọjá, Sìdí fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí mi. Kò sunkún sínú rẹ̀. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ti ń pe òun ní Ìyàwó Dìsẹ́ńbà. Ó ní Tàjù àfẹ́sọ́nà òun kò sọ nǹkan kan, pé ìyá rẹ̀ ló ti ń béèrè bóyá ọmọbìnrin ti tán nílùú. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ ò lè wá. Ìyá náà mọ̀. Èmi ni wọ́n fi so yín mọ́lé.”

Ìyá, mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ẹ rò pé tí a bá so yìgì yìí lẹ́yìn mi, kò ní sí ohun tí yóò fà mí wálé mọ́. N kò lè dá ọjọ́ fún yín, n kò sì ní purọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo há sí yìí, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọ̀ ọ́. Sìdí kò wọ ibì kankan. Àwa la tì í mọ́lé.

Nítorí náà, kí gbogbo ẹni tó wà ní mọ́ṣáláṣí gbọ́ ọ. Èmi Sùlèmánà, àkọ́bí ọkùnrin bàbá mi, mo gbà kí Tàjù fẹ́ Sìdí. Bàbá Kékeré ni mo ní kó dúró fún mi, kó fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àwọn àna wa bá ká kòkó tán, kí Lèmọ́mù so yìgì náà. Bàbá Kékeré, tí Ìyá bá ní kí ẹ dúró, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Gàníyù tí kò ní ọmọ ilé ìwé, tí kò sì ní bọ́ílà, ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí. Òun ni yóò gbé aṣọ ìyàwó wá.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí yín, àwọn ọmọ ń béèrè yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ kí Tíṣà Ládèjọ, ẹ má bá a jà nítorí mi. Sìdí, ilé ọkọ á tù ọ́ lára, wàá gbọ́mọ pọ̀n láyọ̀. Ìyá mi, Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. N kò ní kí inú yín dùn sí mi. Mo kàn bẹ̀ yín pé kí ẹ wọ aṣọ yín tó dára jù, kí ẹ jókòó síwájú, kí ẹ ṣe àmín sókè. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé àkọ́bí yín dà, ẹ sọ fún un pé òun ló ní ká so ó.

Èmi ni ọmọ yín tó lágídí,
Sùlèmánà