Méje Nínú Mẹ́wàá

Boukoki, Niamey,
Orílẹ̀-èdè Niger.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Hàfísátù mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé níbẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí ooru tó ń bọ̀ má sì mú yín bí ó ti fẹ́ mú wa níhìn-ín. Èmi náà wà láyé, mo dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù yìí kò rọrùn fún mi rárá.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní Bàbá sọ fún ọ pé mo dójú ti àwọn lójú gbogbo oníṣòwò ọjà Wadata, o sì bi mí pé kí ni wọ́n fi ṣẹ̀ mí. N kò fèsì, nítorí bí mo bá ti la ẹnu báyìí, ẹkún ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé. Jọ̀wọ́, kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó bínú.

O mọ̀ pé ó ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé, àwọn tó ń kó ẹ̀rọ géèmù wọ Niger, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ilé. Iṣẹ́ tèmi ni láti kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Nígbà tí gbogbo ibi tí mo wáṣẹ́ dé ń sọ pé Faransé ẹnu mi kò dán, àwọn ni wọ́n gbà mí. Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbẹ̀mí wọn, oṣù méjì gbáko ni Ọ̀gá fi sílẹ̀ fún mi láti tọ́jú wọn, ipò mi sì wà níbẹ̀ títí mo fi padà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ mìíràn gbé ẹ̀rọ tiwọn dé. Wọ́n kùn ún gàdàgbà sára ògiri kan nítòsí ọjà Petit Marché pé àwọn ni àkọ́kọ́ nínú títa ní Niger. Láti ọjọ́ náà ni ara Ọ̀gá kò ti balẹ̀ mọ́. Wọ́n pè mí, wọ́n ní: "Kàfáyá, ta ló ka ọjà tí wọ́n fi mọ̀ pé àwọn ni àkọ́kọ́? Wá nọ́ńbà tiwa fún mi." Mo ṣí ìwé mi. Ẹgbàá lé ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ló ti kúrò ní sítọ́ọ̀ wa. Mo bi àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù wọ̀lú, wọ́n fojú bù ú pé gbogbo ẹ̀rọ géèmù tó wọ Niamey, tiwa àti ti ẹlòmíràn, kò lè ju ẹgbẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo pín in. Méje nínú mẹ́wàá. Èmi ni mo bí nọ́ńbà yẹn, Hàfísátù. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tí Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kí oṣù kan tó pé, ó ti wà lórí bébà ńlá ní Faransé: "Sept sur dix." Nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá tí wọ́n bá tà ní Niamey, méje jẹ́ tiwa. Ọ̀gá wá ṣètò pé kí àwọn oníṣòwò wá gba ẹ̀rọ lọ́pọ̀ yanturu, ẹni tó bá sì ti gbà á kò ní lè dá a padà. Wọ́n fi ìpàdé sí ọjọ́ Sátidé kejì oṣù yìí, ní Wadata.

Bàbá gbọ́. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹnu wọn ni gbogbo Petit Marché ti gbọ́. Wọ́n mú ọ̀kan nínú bébà náà dání, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá kọjá pé: "Ọmọ mi ló kà á." Ìwọ ọmọ bíbí wọn náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi nígbà tí bàbá tèmi kú, àwo kan náà ni èmi àtìwọ fi jẹun nínú agbo-ilé yìí. Nígbà tí wọ́n wá pè mí, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ìsọ̀ aṣọ àwọn sílẹ̀ fún Alájì Hausa kan, kí àwọn fi ohun tí àwọn bá rí nídìí rẹ̀ gba ẹ̀rọ géèmù, mo rò pé etí mi ló ṣì í gbọ́. Ìsọ̀ tí wọ́n ti jókòó sí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn!

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀sẹ̀ méjì, Ọ̀gá rán mi káàkiri láti fi ìwé ìpè lé àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù Àmír ni mo kọ́kọ́ dé ní Wadata. Ọmọ ẹ̀yà Zarma ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nítorí àwa tí a yí i ká. Nínú ìwé mi, méjìdínláàádọ́ta ni ó gbà lọ́wọ́ wa. Mo kí i kú ọjà. Ó ká aṣọ kan kúrò lẹ́yìn káńtà rẹ̀. Páálí ẹ̀rọ wa ni, wọ́n tò ó dé òrùlé, eruku ọyẹ́ ti bò wọ́n, ẹnì kan kò tíì já wọn. Mo kà wọ́n: mọ́kàndínlógójì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Ẹ̀yin ti tà á. Èmi ò tíì tà á. Kala suuru." Ohun tí àwọn Zarma máa ń wí nìyẹn nígbà tí apá èèyàn kò bá ká ọ̀ràn mọ́: àfi sùúrù.

N kò padà sí ilé-iṣẹ́ láti ibẹ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá mìíràn, mo sì ka páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Irinwó ẹ̀rọ ni àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá gbà lápapọ̀. Àádọ́rùn-ún péré ló ti dé ilé ẹni tó ń fi í ṣeré. Ní Boukoki níhìn-ín, mo wọ ilé mẹ́rìndínlógún. Àyàfi ilé méjì, ògbólógbòó ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni wọ́n ń lò níbi gbogbo, èyí tí kò sí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kankan. Ìyá kan tilẹ̀ bi mí pé: "Tuntun kẹ̀? Ta ni yóò ra tuntun nígbà tí ti àtijọ́ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù?"

Mo padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá, mo ṣàlàyé. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, wọ́n ní: "Ohun tó bá ti kúrò ní sítọ́ọ̀ wa, a ti tà á nìyẹn. Ibo ni irọ́ wà níbẹ̀?" Mo ní: "Ọ̀gá, ẹni tó bá gbọ́ pé a tà á, á rò pé ó ti délé èèyàn ni." Wọ́n dìde ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rẹlẹ̀: "Bí ẹrù tó kù nílẹ̀ yìí kò bá jáde kí àwẹ̀ tó dé, ilé-iṣẹ́ yìí máa tì. Èèyàn mẹ́rìnlá ló ń jẹun níbí, ìwọ náà wà lára wọn. Ìwọ ni o máa ka nọ́ńbà náà fún wọn lọ́jọ́ ìpàdé, torí ìwọ ni wọ́n gbà gbọ́."

Mo sáré lọ bá Bàbá lẹ́yìn ìrun alásárì. Mo ní nọ́ńbà yẹn kò tọ̀nà, kí wọ́n jọ̀wọ́ dá ọwọ́ dúró. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. "Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé o kò mọ ìṣirò ni? Èmi tí mo fi ọ̀pá aṣọ kọ́ ọ?" Mo ní kì í ṣe ìṣirò ló burú, ohun tí mo kà ló burú. Wọ́n ní àwọn ti fọwọ́ sọ̀yà fún Alájì pé bí ìpàdé bá ti parí, níbẹ̀ gan-an ni àwọn yóò ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀. Wọ́n ní kí n má bá àwọn sọ ọ́ mọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, àwọn oníṣòwò tó wá tó ogójì. Alájì yẹn jókòó sẹ́yìn pátápátá, Bàbá wà níwájú, kọ́kọ́rọ́ wà lórí itan wọn. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ dáadáa, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá pè mí. Mo gbé bébà sókè. Mo kà á pé: "Ẹgbàá lé ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ló kúrò ní sítọ́ọ̀ wa lọ́dún tó kọjá." Ọ̀gá fi orí sọ fún mi pé kí n máa bá a lọ. Ohun tó kù ni kí n sọ pé méje nínú mẹ́wàá, kí n sì jókòó. Mo ká bébà náà sí méjì. Mo kàn gbọ́ tí mo ń sọ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbà nínú rẹ̀, mélòó ló ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù yín?"

Olúkúlùkù ń wo ẹni tó jókòó tì í. Ìwọ náà mọ ọjà: oníṣòwò wo ni yóò dìde láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kó sọ pé ọjà òun kò tà? Ọ̀gá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń fi ẹ̀rín bò ó. Mo rò pé ó ti tán fún mi. Ìgbà náà ni Àmír dìde, ó ní: "Mọ́kàndínlógójì." Ó sì jókòó. Ó ṣe díẹ̀, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní: "Méjìlélógún." Òmíràn sọ tirẹ̀ ní Hausa: "Goma sha bakwai," ìyẹn mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo gba gbogbo ilé.

Bàbá dìde láàrin ariwo náà, gbogbo èèyàn sì dákẹ́ fún wọn. Wọ́n ní: "Kàfáyá, ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé méje nínú mẹ́wàá?" Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Mo ní: "Èmi ni, Bàbá. Iye tí a kó fún ọlọ́jà ni mo kà, n kò ka iye tí ọlọ́jà tà. Àṣìṣe mi ni." Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sápò, wọ́n gba àárín àwọn èèyàn jáde, wọn kò bojú wẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ní: "O kò bá ti sọ fún mi pé ohun tí o máa ṣe nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ, torí òótọ́ ni. Ní ti Bàbá, mo ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀ lálẹ́ nínú agbo-ilé, wọ́n ń kọjá bí ẹni pé ògiri ló ń kí wọn. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ta ló fi mí jẹ alágbàsọ, ṣé n kò bá ti ka bébà mi kí n sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bàbá wá kan ilẹ̀kùn mi. Wọn kò jókòó. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Ohun tí wọ́n sọ nìyí, mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ: "Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí nọ́ńbà. Kàfáyá, n kò rí aṣọ mọ́. Láti àwẹ̀ èṣí, n kò mọ búlúù yàtọ̀ sí dúdú. Wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ mọ́ mi lọ́wọ́, èmi ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bí mo bá ń ta páálí, kò sí ohun tí mo tún ní láti rí; páálí kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ọ̀nà tí mo rí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀. Ìwọ sì dí i."

Hàfísátù, mo dìde, mo dì mọ́ wọn. N kò dì mọ́ Bàbá rí láti ìgbà èwe wa. Wọ́n jẹ́ kí n dì mọ́ wọn.

Láti Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń bá wọn jókòó nínú ìsọ̀ ní Petit Marché. Wọ́n á fọwọ́ kan aṣọ, wọ́n á sọ bí ó ti dára tó fún oníbàárà, èmi á sọ àwọ̀ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí wọn létí. Ní Tọ́sìdeè, mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì, ó ṣeé yọ, kò sì tíì pẹ́ jù. Ojú ọ̀tún ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, lẹ́yìn àwẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n gbà láti ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n mú mi búra pé n kò ní fi ẹnu mi sọ fún ọ. N kò fi ẹnu sọ ọ́. Wá, Hàfísátù. Má pè wọ́n lórí rẹ̀, wọ́n á sọ pé kò sí nǹkan kan. Ṣáà wá.

Ọlọ́run yóò mú ọ dé ní àlàáfíà. Kò ní jẹ́ kí o bá ohun tí kò dára nílé. Yóò dá ojú Bàbá wa padà fún wọn, yóò sì tọ́jú àwọn ọmọ rẹ fún ọ. Ẹ kú ìmúra àwẹ̀ o.

Èmi ni arábìnrin rẹ tí a jọ jẹ nínú àwo kan,
Kàfáyá

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ pa ìwé yìí dé ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé pè mí lórí fóònù. Wọ́n béèrè fún ìwé tí mo kọ iye páálí àwọn ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá náà sí, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ iye tó wà nílé àwọn èèyàn ní tòótọ́. Wọn kò dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀, èmi náà kò béèrè. Mo ní màá fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wá ka tòkunbọ̀ ní Boukoki. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn.